Ibo Lẹ Máa Sùn Lálẹ́? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Ọlọ́jọ́ Púpọ̀ Lórí Òkè Gíga

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń ṣètò ìrìn lórí òkè tó ga gan-an, irú èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ méjì lèèyàn fi ń rìn ín, tó ń sùn lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí kí n bẹ̀rẹ̀ látorí bàtà, torí bàtà ni gbogbo ẹni tó bá pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń kọ́kọ́ bèèrè. A ó kan bàtà, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé ètò ẹ̀ wá fún mi wò ni pé: ibo lo máa sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní? Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ìkẹta ńkọ́? Bí kò bá lè dá mi lóhùn, kò tíì ní ètò kankan. Ìfẹ́ ọkàn ló ní, ìyẹn ò sì burú, àmọ́ kò tó gbé èèyàn gòkè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìgbọ́ kan kúrò nílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ọ́síjìn lókè. Ó wà. Bí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bíi 21 nínú ẹ̀ ni ọ́síjìn, bó ṣe rí létí òkun náà ló rí ní téńté Kilimanjaro, òkè ńlá tó wà ní Tanzania. Ohun tó ń dín kù ni ìfúnpá. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ló ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ìyẹn fi ki. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, èyí tó kù lókè orí ẹ̀ ń dín kù, èyí tó ń fà símú sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Tó bá fi máa dé nǹkan bíi 5,500 mítà, ìdajì ìfúnpá etí òkun ló kù, èyí túmọ̀ sí pé nínú èémí kọ̀ọ̀kan, ìdajì ọ́síjìn tó mọ́ ọn lára ló ń rí. Uhuru, téńté Kilimanjaro, sì jẹ́ 5,895.

Ara mọ bó ṣe máa bá a yí. Lójú ẹsẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí léraléra. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kíndìnrín á tún bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí ṣe kí èémí tó yára yẹn má bàa da ara rú. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń tọ̀ ṣáá lókè, ẹni tó bá sì ń tọ̀ dáadáa, ara ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ pupa á pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sì sí bí agbára ẹsẹ̀ ṣe lè mú un yá. Ẹni tó ń sáré láràárọ̀ kò fi ibì kankan sàn ju ẹni tó ń rọra rìn lọ níbi ká máà ṣàìsàn òkè, ìyẹn ẹ̀fọ́rí àti èébì tó ń mú ẹni tára ẹ̀ ò tíì mọ́ ibi gíga. Òun gan-an ló tiẹ̀ máa ń tètè kó sí wàhálà, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti gbé e dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tíì múra sílẹ̀ fún.

Òru ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù. Lójú oorun, èémí wa ń rẹlẹ̀, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Bí ẹ bá bá ẹlòmíì sùn nínú àgọ́ kan náà níbi tó lé ní 4,000 mítà, ẹ lè gbọ́ tí èémí ẹ̀ á dákẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kẹ́ ẹ tó ronú kẹ́ ẹ jí i, á fà á sínú gbuuru bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí. Kì í sábà jẹ́ àìsàn, ara ló ń wá ọ̀nà. Àmọ́ ẹ ti rí ìdí tí ibi téèyàn sùn fi ṣe pàtàkì ju ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́sàn-án lọ.

Ìlànà táwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè ń tẹ̀ lé kò gùn: tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ òní kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tẹ́ ẹ sùn lánàá, tó bá sì di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sùn lẹ́ẹ̀mejì lójú kan. Lọ́sàn-án, ẹ lè gùn kọjá ibẹ̀ kẹ́ ẹ sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Ìyẹn tiẹ̀ dára fún ara.

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan sí apá kan, ẹ kọ gíga ẹ̀ sí ìkejì, kẹ́ ẹ wá yọ tàná kúrò nínú tòní. Ká fi ọ̀nà tó lọ sí ẹsẹ̀ Everest ní Nepal ṣe é. Bàálù á já yín sí Lukla, 2,860 mítà. Ọ̀pọ̀ kì í sùn síbẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Phakding, bíi 2,610. Alẹ́ kejì di Namche Bazaar, 3,440. Ẹ yọ ọ́: 830. Ó pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ètò tó bá mọ́yán lórí fi máa ń sùn lẹ́ẹ̀mejì ní Namche. Láti ibẹ̀ ó di Tengboche, 3,860: 420, kò burú. Dingboche, 4,410: 550, ó fi díẹ̀ lé, wọ́n á tún sùn lẹ́ẹ̀mejì. Lobuche, 4,940: 530. Gorak Shep, 5,164: 224. Ibùdó ẹsẹ̀ òkè fúnra ẹ̀, 5,364, wọ́n á lọ wò ó ni, wọ́n á padà sẹ́yìn wá sùn. Ètò yìí ní àléébù tiẹ̀, àmọ́ ẹ rí ibi tí wọ́n ti fún ara láyè.

Ẹ wá gbé Kilimanjaro sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní ọ̀nà Marangu, ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún. Alẹ́ kìíní, Mandara, bíi 2,700. Alẹ́ kejì, Horombo, bíi 3,700. Alẹ́ kẹta, Kibo, bíi 4,700. Ẹ yọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún kan mítà, ó tún di ẹgbẹ̀rún kan. Oorun alẹ́ kẹta yẹn ò sì ní pé, torí nígbà tó bá di nǹkan bí aago méjìlá òru wọ́n á ti ní ó yá, ẹ dìde, Uhuru ló kàn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń pè ní èyí tó rọrùn jù, nítorí ilé wà níbẹ̀ téèyàn ń sùn sí dípò àgọ́, ilẹ̀ ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga gègèrè. Ẹsẹ̀ ló rọrùn fún. Bí ẹ bá fi alẹ́ kan kún ti Horombo, ó ti sàn. Ọ̀nà Machame tàbí Lemosho ọlọ́jọ́ méje sí mẹ́jọ tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ó gùn dé Lava Tower, tó lé ní 4,600, ẹ ó sinmi díẹ̀ níbẹ̀, orí á máa fọ́ yín wìnnìwìnnì, ẹ ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tí kò tó 4,000. Nígbà tílẹ̀ bá fi mọ́, orí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fúyẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ra ọlọ́jọ́ márùn-ún? Owó ni. Òfin Tanzania ò gbà kí ẹnikẹ́ni dá gun Kilimanjaro láìsí amọ̀nà tó níwèé àṣẹ, nítorí náà ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan lẹ ti máa ra ètò yín dandan. Owó ọgbà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á sórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ, owó iṣẹ́ amọ̀nà àti ti alágbàárù, ojoojúmọ́ náà ni. Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ dín owó kù fún yín, ọjọ́ ló rọrùn fún un jù láti gé. Kò sì ní pè é bẹ́ẹ̀ o, á ní ètò fún àwọn tára wọn le. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kẹ́nikẹ́ni ra ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí òkè yẹn, àyàfi ẹni tó bá ti lọ sùn lókè níbòmíì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, bí irú àwọn tó ń kọ́kọ́ gun Òkè Meru tó wà nítòsí ibẹ̀, tó lé ní 4,500 mítà. Bówó ò bá tó, ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá òkè tí kò ga tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀ pé ó dé téńté Kilimanjaro mọ ọ̀rọ̀ yìí. Hans Meyer, ará Jámánì, gbìyànjú ní 1887, òkè náà dá a padà. Nígbà tó tún wá ní 1889 pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ará Austria, ohun tó yí padà jù ni ètò oúnjẹ. Ó pàgọ́ sí oríṣiríṣi ibi lójú ọ̀nà, ó sì ṣètò kí àwọn alágbàárù máa gbé oúnjẹ gòkè wá déédéé, tó fi jẹ́ pé bí òkè bá lé wọn padà, àgọ́ tó wà nítòsí ni wọ́n máa padà sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹwàá, wọ́n dé etí ihò orí òkè náà. Wọ́n rí i pé téńté gan-an ṣì wà níwájú, ọjọ́ sì ti lọ, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n yí padà. Wọ́n sinmi, wọ́n tún gbéra, lọ́jọ́ 6 wọ́n dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀ kò lè yí padà lọ́jọ́ 3 bẹ́ẹ̀. Á máa wò ó pé bí òun ò bá lọ lónìí, ó ti parí. Ọjọ́ àfikún ló ń jẹ́ kí orí èèyàn pé lórí òkè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọjọ́ àfikún yìí, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ nínú ètò bí ìsinmi ibi iṣẹ́ ò bá tó. Bàálù Lukla, tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, kò ní gbéra, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sílé sí ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó yẹ kó kúrò ní Lukla ti fi ara ẹ̀ sínú ìdè. Ó kéré tán, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn, kí ọjọ́ kan sì wà láàárín ìrìn fúnra ẹ̀ tí kò ní iṣẹ́.

Ní ti ìgbà, gbogbo òkè ló ní tiẹ̀. Lórí Kilimanjaro, oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta àti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá ni òjò máa ń dáwọ́ dúró jù. Ní Nepal, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Àmọ́ kí ẹ má fi ìgbà ṣe odi. Ní oṣù kẹwàá 2014, nígbà tí gbogbo ayé gbà pé ojú ọjọ́ dára jù ní Nepal, ìjì Hudhud tó ti jà ní etíkun Íńdíà gba ilẹ̀ wọ Himalaya, ó sì da yìnyín ńlá sórí ọ̀nà Annapurna. Àwọn èèyàn wà lórí Thorong La, ọ̀nà àárín òkè tó ga tó 5,416 mítà. Ó lé ní ogójì ẹ̀mí tó bá a lọ, arìnrìn-àjò, amọ̀nà àti àwọn darandaran. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń kéde ìjì náà ní Íńdíà. Ìròyìn ojú ọjọ́ kì í ṣe ohun tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan kí a tó kúrò nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó: lókè níbẹ̀, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, ta ló sì ní àṣẹ láti sọ pé ẹ ò lọ lónìí?

Ìbéèrè kejì yẹn, ẹ dáhùn ẹ̀ nísàlẹ̀. Lókè, ọpọlọ tí kò rí ọ́síjìn tó ni èèyàn á fi máa jiyàn. Ẹ fẹnu kò sórí aago kan fún ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ sí téńté, pé tí aago yẹn bá lù, ibi yòówù ká wà, a ti ń padà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ẹgbẹ́. Kẹ́ ẹ sì sọ fún amọ̀nà pé bó bá ní kẹ́ ẹ padà, owó ìmoore tẹ́ ẹ máa fún un ò ní dín kù. Mo ti rí i pé gbólóhùn kan yìí máa ń jẹ́ kí amọ̀nà sọ òótọ́.

Ó ku ẹrù. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ní gbogbo 1,000 mítà tẹ́ ẹ bá gùn, otútù ń fi bí ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius le sí i. Ibi tó jẹ́ 30 létí òkun, á ti wọ ìsàlẹ̀ òdo kó tó dé 5,895, atẹ́gùn ò tíì sí níbẹ̀. Aṣọ tó kọ́kọ́ kan ara, kó má ṣe jẹ́ òwú, torí òwú ń fa òógùn mu, kì í sì í gbẹ. Lórí ẹ̀, aṣọ onírun tó móoru. Lórí ìyẹn, èyí tí atẹ́gùn àti òjò ò lè gbà kọjá. Bàtà, ẹ ti gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, òun náà sì ni kẹ́ ẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀ wọ bàálù, torí gbogbo ẹrù tó bá sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n lè yá yín, àmọ́ bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ yín ò sí lọ́jà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kí sísọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí Kilimanjaro, láti Uhuru sí ẹnu ọ̀nà Mweka, ó ju 4,000 mítà lọ tẹ́ ẹ máa sọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa ń jìyà ẹ̀. Bátìrì àti fóònù, inú àpò ìsùn ni kí wọ́n bá yín sùn. Ìgò omi, ẹ dorí ẹ̀ kodò lóru, nítorí láti apá òkè ìgò ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bẹ́ ẹ bá gbé e dúró láàárọ̀, ẹnu ìgò á ṣì ṣí. Gíláàsì ojú, ẹ má fi í ṣeré. Oòrùn ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, yìnyín á tún ta á padà sójú yín. Àwọ̀ dúdú ò ní kí ojú má jóná.

Ìwé adójútòfò, ẹ kà á débi tí wọ́n kọ gíga sí. Ọ̀pọ̀ ló ń dáwọ́ dúró ní gíga kan, bẹ́ ẹ bá sì ti fi mítà kan kọjá ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san owó hẹlikópítà. Ẹ wò ó bóyá hẹlikópítà wà nínú ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti rùn ní Nepal débi pé ní 2018 ìjọba ibẹ̀ ṣèwádìí lórí àwọn tó ń pe hẹlikópítà fún ẹni tí ẹ̀fọ́rí lásán ń ṣe, kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ adójútòfò. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ adójútòfò yín sórí bébà, kẹ́ ẹ pè wọ́n fúnra yín.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí, àwọn èèyàn bèèrè ìbéèrè, mo sì kọ díẹ̀ nínú ẹ̀ síbí.

Ẹnìkan bèèrè pé báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé ó ti di àìsàn. Ẹ̀fọ́rí tó bá ti ní ìríra oúnjẹ, èébì, òòyì tàbí àárẹ̀ tó kọjá ti ìrìn nínú, àìsàn òkè ni kẹ́ ẹ pè é títí ohun mìíràn yóò fi fara hàn. Ẹ ò ní gòkè sí i. Ibi tẹ́ ẹ wà lẹ máa sùn, bí kò bá sàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Méjì wà tí kò gba ìdúró. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí, tó ń sọ ìsọkúsọ, ọpọlọ ẹ̀ ló ń wú: ẹ fa ìlà tààrà sílẹ̀, ní kó fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn, kí ẹlòmíì sì bá a lọ. Ẹni tí èémí ń ká lórí ìjókòó, tó ń wúkọ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ń hó tó sì pọ́n díẹ̀, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Òun náà, sísọ̀kalẹ̀ ni.

Arábìnrin kan bèèrè nípa Diamox, oògùn tí wọ́n ń lò láti dènà àìsàn òkè. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti yára ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí táwọn dókítà sábà ń kọ fún ìdènà ni 125 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Ọmọ ìka á máa jẹ yín bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ẹ ó sì tọ̀ sí i. Ẹni tí oògùn sulfa kì í bá lára mu, kó sọ fún dókítà. Mi ò lòdì sí i, àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi dípò ọjọ́ tó gé kúrò.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú jù wá látọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní AS lòun. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, SS tàbí SC, kó má lọ; òkè gíga lè mú kí ìrora ńlá bẹ́ sílẹ̀ fún un. AS yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gòkè tó ń bọ̀ láyọ̀. Síbẹ̀, ó wà lákọsílẹ̀ dáadáa pé lókè gíga, ẹ̀jẹ̀ AS lè dí ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì pa. Bí ìrora tó le bá mú yín níbẹ̀, lápá òsì ikùn lókè, ẹ má pè é ní inú rírun. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá ilé ìwòsàn. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín, kẹ́ ẹ bá dókítà sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún amọ̀nà, nítorí ó lè má gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ẹni tó bèèrè gbẹ̀yìn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ti sọ̀ kalẹ̀ nítorí àìsàn lè tún gòkè. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́rí àti èébì lásán, tí gbogbo ẹ̀ sì ti lọ pátápátá láìjẹ́ pé oògùn ẹ̀fọ́rí ló bò ó mọ́lẹ̀, ó lè tún lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ bá ṣì wà nínú ètò ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kò gòkè mọ́ nínú ìrìn yẹn. Ilé ìwòsàn ló kàn.